Òkúta Tìróò Inú Àpótí Ìyá Àgbà

Ìtàn tí mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ogun, kì í sì í ṣe ti oyè. Ìtàn òkúta kan ni.

Lẹ́yìn ìsìnkú ìyá bàbá mi, a ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ nínú ilé ní Bódìjà. Nísàlẹ̀ àpótí, lábẹ́ àwọn aṣọ òfì, a rí àkísà funfun kan tí wọ́n fi okùn dì gírígírí. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tóbi ju obì lọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e sọ́wọ́, ṣe ló máa dà bíi pé ẹnì kan ń fà á nísàlẹ̀. Àwọn ọmọ ní irin mọ́tò ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n yí i síbi ìmọ́lẹ̀, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. "Tìróò ni, jàre. Tìróò gidi. Kì í ṣe ti inú ike tí ẹ̀ ń rà ní Dùgbẹ̀ yẹn o." Ọmọ mi obìnrin wá bi wọ́n pé, "Màmá àgbà, ṣé òkúta ni tìróò ni?"

Ìbéèrè yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn bọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n lé tìróò fún lọ́jọ́ ìkómọ, tí àwọn ìyàwó wa sì lé e lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ohun tó jẹ́ kò pọ̀. Àwọn kan rò pé èédú ni. Àwọn kan ní ewé kan ni wọ́n ń sun. Àwọn ìwé òyìnbó mìíràn náà ń pè é ní antimony, àṣìṣe sì nìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà.

Òkúta ni tìróò, òkúta tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ òkúta ń pè é ni galena. Òjé àti imí-ọjọ́ ló para pọ̀ dá a. Bó bá mọ́ tónítóní, nínú 100 kìlógíráàmù rẹ̀, òjé inú rẹ̀ ju 86 lọ. Òjé yìí náà ni àwọn olórìṣà Ọbàtálá fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́, òun ló wà nínú bátìrì mọ́tò. Nítorí náà, ẹni tó ń lé tìróò gidi, òjé ló ń lé sójú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń dá a mọ̀, torí ìmọ̀ yẹn ń tán lọ, ó sì dùn mí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi jókòó, wọ́n ṣàlàyé bí ìyá wọn ṣe máa ń yan tìróò lọ́wọ́ ọlọ́jà. Ìwọ̀n ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò. Wọ́n á mú òkúta ilẹ̀ kan tó tó o lọ́wọ́ òsì, wọ́n á mú tìróò lọ́wọ́ ọ̀tún. Bí ọ̀tún kò bá fa èjìká wálẹ̀, wọn ò ní rà á. Ẹ gbọ́, ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Geology ní UI náà nìyẹn. Òkúta tí wọ́n ń fọ́ kọ́lé nílùú wa yìí wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po méjì ààbọ̀ àti díẹ̀. Galena fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méje ààbọ̀. Ọwọ́ ìyá àgbà ni òṣùwọ̀n wọn.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á ní kí ọlọ́jà fọ́ ọ. Galena kì í fọ́ bó ṣe wù ú. Ó máa ń fọ́ sí onígun mẹ́rin mẹ́rin ni, bíi ṣúgà St. Louis, èyí tó kéré jù nínú rẹ̀ náà á ṣì ní igun. Ojú ibi tó ti fọ́ á máa dán bíi dígí, àmọ́ bó bá pẹ́ nínú atẹ́gùn, dídán náà á kú, á di eérú. Àwọn ọlọ́jà tó gbọ́n máa ń fọ́ ọ lójú oníbàárà kí ó lè rí dídán yẹn. Wọ́n á wá fi fa ìlà sí abẹ́ àwo tánganran, níbi tí kò dán. Ìlà rẹ̀ á jẹ́ dúdú tó fara jọ eérú. Ó rọ̀, owó idẹ lè ha á lára. Bí mágínẹ́ẹ̀tì bá fà á, kì í ṣe tìróò, òkúta irin ni. Bó bá fẹ́lẹ́ tó sì ń ṣí bí ewé ìwé, díńgí ilẹ̀ ni, ìyẹn kò tilẹ̀ wúwo. Bó bá gùn tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́, a jẹ́ pé antimony tí àwọn ìwé yẹn ń wí ló dé lóòótọ́.

Ta ló kọ́kọ́ ronú pé kí wọ́n lọ òkúta kí wọ́n fi kun ojú? Kì í ṣe àwa nìkan ló ń ṣe é. Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ wa galena ní Gebel Zeit, lẹ́bàá Òkun Pupa, wọ́n sì ń kó o sínú ìkòkò kéékèèké tí wọ́n ń sin òkú mọ́. Ní ọdún 1999, àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Faransé gbé ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn Nature lórí ẹ̀tù ojú tó ṣì wà nínú irú ìkòkò bẹ́ẹ̀, èyí tí wọ́n tọ́jú sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Louvre ní Paris. Galena wà níbẹ̀. Cerussite, ìyẹn òkúta òjé funfun, wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n tún bá oríṣi méjì tó ṣọ̀wọ́n gan-an, phosgenite àti laurionite. Ìwọ̀nba díẹ̀ lèèyàn ń rí nínú ilẹ̀, nítorí náà àwọn onímọ̀ náà ní àwọn ará Íjíbítì ló fi ọwọ́ ara wọn sè é, ní bíi 4,000 ọdún sẹ́yìn.

Orúkọ laurionite yẹn ní ìtàn tirẹ̀. Laurion ni ìlú kan ní ilẹ̀ Gíríìsì tí àwọn ará Áténì ti ń wa fàdákà láti inú òkúta òjé. Owó fàdákà yẹn ni wọ́n fi kan ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi ja ogun Salamis ní ọdún 480 ṣáájú ìbí Jésù. Ìdàrọ́ tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n yọ́ fàdákà tán, wọ́n dà á sétí òkun. Omi iyọ̀ ń wọ inú ìdàrọ́ náà fún ju ẹgbẹ̀rún méjì ọdún lọ, ó sì ń bí òkúta tuntun nínú ihò ìdàrọ́. Ọdún 1887 ni àwọn onímọ̀ tó ṣàpèjúwe rẹ̀, tí wọ́n fi orúkọ ìlú náà sọ ọ́. Lónìí, àwọn tó ń ṣa òkúta jọ ń fi owó ńlá ra ìdàrọ́ Laurion nítorí horo kékeré tó wà nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ ìdàrọ́ yìí, mò ń bọ̀ wá sórí rẹ̀.

Ní ti Nàìjíríà, ilẹ̀ Ìbàdàn kọ́ ni tìróò ti ń jáde. Ilà-oòrùn ni, lójú ọ̀nà gígùn kan tó bẹ̀rẹ̀ láti agbègbè Abakaliki tó sì gba àfonífojì odò Benue kọjá: Enyigba, Ameri, Ishiagu, Arufu, Akwana, títí dé Zurak ní ìpínlẹ̀ Plateau. Ohun kan tó yani lẹ́nu ni pé ibi tí òkúta òjé wà níbẹ̀, omi iyọ̀ kì í jìnnà síbẹ̀. Kí òyìnbó tó dé ni àwọn èèyàn tó wà níbẹ̀ ti ń wa òkúta yìí fún ojú. Igbó ń pe tìróò ní otanjele, Hausa ń pè é ní tozali tàbí kwalli. Nígbà tí Mineral Survey ti ìjọba amúnisìn dé, àwọn tí Albert Kitson jẹ́ ọ̀gá wọn nígbà tí wọ́n rí èédú ilẹ̀ ní Udi ní 1909, ohun tí ará ìlú ti mọ̀ ni wọ́n ń bá kiri lọ́pọ̀ ibi. Ọdún 1919 ni wọ́n tó dá Geological Survey of Nigeria sílẹ̀. Nínú ìwé, wọ́n á kọ ọ́ pé àwọn ni wọ́n "ṣàwárí" rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ti ń lé e sójú láti ìrandíran ńkọ́?

Bó ṣe dé Ìbàdàn kò ṣòro láti lóye. Reluwé dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì bọ́ sí Dùgbẹ̀. Ní 1916, wọ́n dá Sábó sílẹ̀ fún àwọn Hausa oníṣòwò. Obì ń lọ sókè, màlúù ń bọ̀ nísàlẹ̀, ẹrù kéékèèké sì máa ń bá ẹrù ńlá rìn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ọwọ́ Hausa kan ní Sábó ni ìyá wọn ti ń rà á, tí ó máa ń tẹ́ ẹ sórí awọ pẹ̀lú kájúrù àti làálì. Wọ́n á gbé e délé, wọ́n á lọ̀ ọ́ lórí ọlọ kékeré kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi lọ ata, wọ́n á fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jọ̀ ọ́, wọ́n á wá rọ ọ́ sínú ìgò. Ẹ ṣàkíyèsí ọlọ yẹn dáadáa. Wọn kò mọ ohun tó ń jẹ́ májèlé òjé, ṣùgbọ́n wọ́n yà á sọ́tọ̀ kúrò lára oúnjẹ.

Òkúta òjé kì í dúró sójú kan. Galena inú ilẹ̀ jíjìn lè wà bẹ́ẹ̀ fún àìmọye ọdún, ṣùgbọ́n bí òjò àti atẹ́gùn bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bóyá nítorí pé ó súnmọ́ ojú ilẹ̀ tàbí pé wọ́n gbẹ́ ihò sílẹ̀ tí wọ́n pa á tì, á bẹ̀rẹ̀ sí í para dà. Á di cerussite funfun tó ń tàn. Á di anglesite, tí wọ́n fi orúkọ erékùṣù Anglesey ní Wales sọ. Bí ohun tó wà nínú eegun, ìyẹn phosphate, bá wà nítòsí, á di pyromorphite, aláwọ̀ ewé bíi ti ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣa òkúta tó ṣọ̀wọ́n fi fẹ́ràn ihò ìwakùsà àtijọ́ ju tuntun lọ. Tsumeb ní Namibia, tí wọ́n tì ní 1996, ju 300 oríṣi òkúta lọ ló ti jáde níbẹ̀. Mibladen ní Morocco ni vanadinite pupa bí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá, òjé náà ni.

Kabwe ní Zambia ni mo ronú lé lórí jù. Broken Hill ni òyìnbó ń pè é nígbà náà. Ní 1921, àwọn tó ń wa òjé níbẹ̀ rí agbárí èèyàn ayé àtijọ́ kan, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní London, ibẹ̀ ló wà di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Zambia ń bèèrè rẹ̀. Àwọn òkúta rẹ̀ tó lẹ́wà náà tàn ká ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ayé. Wọ́n ti ibi ìwakùsà náà ní 1994. Ohun tó ṣẹ́kù fún Kabwe ni eruku, òjé sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ ibẹ̀ títí di ìsinsìnyí.

Bí ẹ bá rò pé Kabwe jìnnà, ẹ jẹ́ ká bọ̀ wálé. Ní oṣù kẹta ọdún 2010, àwọn dókítà Médecins Sans Frontières gbọ́ pé àwọn ọmọdé ń kú ní àwọn abúlé kan ní Zamfara. Gìrì ń mú wọn, ibà kọ́ ni. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò: òjé. Góòlù ni àwọn òbí wọn ń wá, ṣùgbọ́n òkúta góòlù ibẹ̀ àti òkúta òjé jọ wà pọ̀ ni. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ oúnjẹ lọ òkúta náà nínú ọgbà ilé, eruku sì bo ilẹ̀ tí ọmọ ń rákò lé. Ju 400 ọmọ lọ ló kú. Ní 2015, ọmọ 28 tún kú ní agbègbè Shikira ní ìpínlẹ̀ Niger. Ohun tí ìwádìí tó tẹ̀lé ti Zamfara fi hàn ló mú mi dákẹ́: púpọ̀ nínú galena ibẹ̀ ti para dà di irú àwọn òkúta tí mo sọ níṣàájú, àwọn tó jọ cerussite, tí wọ́n lẹ́wà lójú àwọn tó ń ṣa òkúta. Inú ikùn ọmọdé, wọ́n máa ń yọ́ kíákíá ju galena lọ.

Mo ní mò ń bọ̀ wá sórí ìdàrọ́. Ìbàdàn ní tirẹ̀. Ní ẹ̀bá Olódó, lójú ọ̀nà tó jáde nílùú yìí, ìdàrọ́ òjé láti iléeṣẹ́ bátìrì mọ́tò kan wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn onímọ̀ láti UI, tó kọjú sí Agbowó wa yìí, lọ yẹ ilẹ̀ ibẹ̀ wò, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2009: òjé ti wọ inú ilẹ̀ gan-an. Ti Laurion di ohun tí wọ́n ń fi sínú dígí. Tiwa, ọmọ lè máa ṣeré lórí rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa wí lórí WhatsApp pé, "Ìyá mi lé tìróò títí wọ́n fi pé àádọ́rùn-ún ọdún, kí ló ṣe wọ́n?" Mo ti gbọ́ ọ nínú ẹbí tèmi náà. Àgbàlagbà tó rọra fi igi tìróò fa etí ojú kì í sábà fi ọwọ́ yẹn sẹ́nu. Ọmọ ọwọ́ á fi ọwọ́ nu ojú, á sì fi ọwọ́ kan náà sẹ́nu, léraléra. Ara ọmọdé sì ń gba òjé ju ara àgbà lọ fíìfíì. Òjé kì í pariwo. Ó lè má fa ibà, ó lè má fa ẹ̀gbo. Ó kàn máa dín ohun tí ọpọlọ ọmọ ìbá lè ṣe kù ni, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ ohun tí ọmọ náà ìbá jẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ẹ gbọ́ èyí. Ní 2011, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan wò ní Boston, ọmọ Nàìjíríà ni ìdílé rẹ̀. Òjé tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ 13 máíkírógíráàmù nínú dẹ́sílítà ẹ̀jẹ̀ kan, ó sì ga ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n wá inú ilé, wọn ò rí ọ̀dà tó ní òjé. Ìgbà tó yá ni wọ́n gbọ́ pé wọ́n ń lé tìróò fún un. Wọ́n yẹ tìróò náà wò: 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni òjé. CDC, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìdènà àrùn, kọ ọ́ jáde ní 2012, wọ́n sì lo orúkọ tiwa gan-an, tiro. Nígbà tí mo kà á, ojú tì mí díẹ̀, inú sì tún dùn mí díẹ̀ pé ẹnì kan kọ orúkọ rẹ̀ dáadáa.

Mi ò ní kí ẹ sọ ti àwọn ìyá yín nù o. Rárá. Ohun ìtàn ni. Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń ṣòwò òkúta ní Ọ̀jọ́ọ̀ àti Sábó mọ iye tí òkúta lè jẹ́. Láti 1998 tí wọ́n rí tourmaline pupa ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ ni ojú wọn ti là. Ṣùgbọ́n ẹ kìlọ̀ fún wọn lórí ti òjé. Àkọ́kọ́, òfin ìwakùsà ọdún 2007 sọ pé ti ìjọba àpapọ̀ ni ohun gbogbo tó wà nínú ilẹ̀, kò sí ẹni tó lè lọ gbẹ́ ihò àtijọ́ láìgba ìwé àṣẹ. Èkejì, omi ló kún ọ̀pọ̀ ihò wọ̀nyẹn, etí wọn sì ń ya. Ẹni tó bá ra ti rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ní ìwé, kó má fi òòlù fọ́ ọ nínú ilé, kó má gbá eruku rẹ̀ ní gbígbẹ, àkísà tútù ni kó fi nù ún. Kó fọ ọwọ́ kó tó jẹun. Aṣọ tó fi ṣe é kò gbọ́dọ̀ bá aṣọ ọmọ pàdé nínú omi kan náà.

Ohun tó ń sọ òkúta di ẹ̀rí ìtàn ni ìwé tó bá a rìn. Òkúta tí a kò mọ ibi tó ti wá, òkúta lásán ni, bó ti wù kó lẹ́wà tó. Nítorí náà, bí ẹ bá rí irú rẹ̀ nínú àpótí àwọn ìyá yín, ẹ bi wọ́n nígbà tí ẹnu wọn ṣì ń sọ̀rọ̀: ọwọ́ ta ni wọ́n ti rà á, ọjà wo, nǹkan bíi ọdún wo, èló ni, kí ni wọ́n ń pè é, báwo ni wọ́n ṣe ń lọ̀ ọ́. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú náírà oníkọ́ìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí a lè mọ bó ṣe tóbi tó. Ẹ fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́, a ó kó o jọ. Òkúta náà, ẹ fi sínú ìgò tó ní ìdérí, kí ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó. Ẹ̀tù tìróò tó ti wà nínú ìgò kékeré ńkọ́? Ẹ dì í sínú ọ̀rá méjì, kí ẹ má dà á sẹ́yìnkùlé, kí ẹ má sì sun ún.

Tèmi ti wà lórí pẹpẹ ìwé. Ọmọ mi ló kọ ìwé tó wà lára ìgò rẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń pè é fún un, ó ń kọ: "Galena. Òkúta tìróò. Màmá rà á ní Sábó, ṣáájú ogun abẹ́lé. A rí i ní Bódìjà, nínú àpótí aṣọ òfì. Ẹ má lọ̀ ọ́."